Inú Tó Bàjẹ́ Ń Fẹ́ Àtúnṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin wa ni: bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ títí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fi ń pa wọ́n, àti bí àwa fúnra wa ṣe ń kọ́ wọn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà láti kékeré. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn kan nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bínú.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú èdè bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, a ó ní ọkọ̀ náà bàjẹ́. Bí ọbẹ̀ bá kan, a ó ní ọbẹ̀ bàjẹ́. Bí ìrora bá wọ ènìyàn lọ́kàn ńkọ́? A ó ní inú rẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a lò fún ẹ̀rọ, fún oúnjẹ àti fún ọkàn ọmọ ènìyàn. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà, 'ìbànújẹ́'. 'Bàjẹ́' jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí a lè là sí méjì kí a sì ki ọ̀rọ̀ mìíràn bọ àárín rẹ̀. Nígbà tí a là á, tí a ki 'inú' bọ̀ ọ́, ó di 'bà inú jẹ́', a sì ti ibẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹni tí ó wà nínú ìbànújẹ́, ohun kan ni ó bà á nínú jẹ́. Èdè wa kò sọ pé ẹni náà jẹ́ ọ̀lẹ, kò sì sọ pé kì í ṣe akọ. Ohun tí ó sọ ni pé nǹkan kan bàjẹ́. Kí sì ni Yorùbá máa ń ṣe sí ohun tí ó bàjẹ́? A máa ń tún un ṣe ni. Àtúnṣe ni ọ̀rọ̀ wa fún ọkọ̀, fún òrùlé, fún ìwà, àti fún ayé ẹni pẹ̀lú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ọkùnrin tí inú rẹ̀ bàjẹ́ sábà máa ń rí ọ̀nà àtúnṣe nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jọ ń tún ohun mìíràn tí ó bàjẹ́ ṣe. Àwọn baba wa mọ ọ̀nà náà. Àwa ni a fi ọwọ́ ara wa dí i.

Ta ni ó tilẹ̀ kọ́ wa pé ọkùnrin kì í sunkún? Ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní orúnkún rẹ̀, wọ́n ní, 'Dákẹ́, ṣebí ọkùnrin ni ọ́.' Ó di ọmọ ogún ọdún, ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, wọ́n ní kí ó ṣe ọkàn akin. Ó pé ogójì ọdún, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní baálé ilé kì í jẹ́ kí ojú òun fà ro. Àwọn kan a sì máa pe gbogbo èyí ní àṣà Yorùbá. Irọ́ gbuu ni! Àwọn àgbà tí wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran, wọn kò yọ ọkùnrin sílẹ̀ nínú òwe náà. Àwọn kan náà ni wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òwe kejì yìí ni ó ń ṣẹ mọ́ wa lára. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, nǹkan bí 727,000 ènìyàn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn káàkiri àgbáyé ní ọdún 2021. Ìwọ̀n tí àwọn ọkùnrin fi ń kú irú ikú bẹ́ẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àwọn obìnrin lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan, ṣùgbọ́n ó wà ní ilẹ̀ wa.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni àwa mẹ́rin fi jọ ń wo bọ́ọ̀lù ní ilé kan náà ní ọjọọjọ́ Àìkú. A jọ ń pariwo, a jọ ń jẹ ẹran, a jọ ń bú adarí eré. Ní ọdún 2018, ọ̀rẹ́ wa yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ayé sílẹ̀. Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni a tó gbọ́ pé ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ! Ó ń múra láràárọ̀, ó ń jáde bí ẹni tó ń lọ sí ibi iṣẹ́, bí ọjọ́ Àìkú bá sì dé, a wá bá wa wo bọ́ọ̀lù. A mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó wà lórí pápá, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ pé ẹni tó jókòó tì wá ń rì. Ojú gbogbo wa wà lára ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. N kò sọ pé bí a bá ti jọ ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kan, kò ní kú. Kò sí ẹni tó lè búra bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní gbogbo ọdún mẹ́fà yẹn, a kò fún un ní àyè kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ lè gbà jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn obìnrin wa lọ́dọ̀ onídìrí. Ẹni tó ń dirun jókòó lórí àpótí, ẹni tí wọ́n ń dirun fún jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn kì í kojú sí ara wọn. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ìyarun ń lọ, ìyarun ń bọ̀. Bí ó jẹ́ ṣùkú, bí ó jẹ́ kòlẹ́sẹ̀, wákàtí méjì lè kọjá lórí ìjókòó náà. Kí irun tó parí, ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ gbèsè àti ọ̀rọ̀ àìsàn ti jáde. Kò sí ẹni tó pe ìpàdé pé kí wọ́n wá sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni ó ṣí ẹnu. Ojú tí kò wo ojú ni ó mú ìtìjú kúrò. Nígbà tí ẹ bá ń béèrè pé kí ló dé tí obìnrin fi ń rí ọ̀rọ̀ sọ tí ọkùnrin kò rí sọ, ẹ má wulẹ̀ sọ pé bí a ṣe dá wọn nìyẹn. Ẹ béèrè pé níbo ni onídìrí àwọn ọkùnrin wà.

Ó wà rí. Àwọn ọkùnrin ní àáró, wọ́n sì ní ọ̀wẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má da àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Nínú àáró, àwọn ẹlẹgbẹ́ a jọ ro oko ẹnì kan lónìí, wọn a ro ti ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ni yóò bẹ àwọn ènìyàn sí iṣẹ́ ńlá kan, bíi ilé kíkọ́ tàbí òrùlé títúnṣe, òun ni yóò sì fún wọn ní oúnjẹ. Ilé koríko kì í ṣe ilé tí a ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan kí a gbàgbé rẹ̀. Koríko a máa jẹrà, a ó tún un bò. Ní Ọ̀yọ́, àtúnṣe yìí di ọdún ìbílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí wọ́n máa ń kó koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ibi tí àwọn baba wa ti ń gun orí ilé pọ̀, tí ọ̀kan ń ju ìdì koríko sókè, tí èkejì ń gbà á, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ìyàwó lágbájá kò gbádùn, pé tàmẹ̀dò kò rí ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí a bá tún dé ilé alágbẹ̀dẹ, ẹni tó gbé ọkọ́ tó ṣẹ́ wá kì í gbé e sílẹ̀ kí ó máa lọ. Yóò jókòó, yóò bá wọn fín iná. Bí ẹwìrì bá ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń lọ.

Kí ni a fi rọ́pò wọn? Ilé ọtí, ilé bọ́ọ̀lù, àti ìsọ̀ tẹ́tẹ́. Ẹ má ṣi mí gbọ́. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wo bọ́ọ̀lù. Èmi pẹ̀lú ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: bí ẹnì kan kò bá wá sí ìsọ̀ tẹ́tẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ta ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Àwọn ibi wọ̀nyí ń kó ọkùnrin jọ ni, wọn kì í so wọ́n pọ̀. Ohun tó ń so ọkùnrin pọ̀ ni iṣẹ́ tí ẹnì kan kò lè dá ṣe.

Àwọn ará Ọsirélíà ti rí èyí, wọ́n sì ti ṣe nǹkan sí i. Ní ìlú Goolwa, ní ìpínlẹ̀ South Australia, obìnrin kan tí ń jẹ́ Maxine Chaseling dá ìsọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1993 níbi tí àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà ti lè máa pàdé, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1998, wọ́n ṣí irú rẹ̀ ní Tongala, ní ìpínlẹ̀ Victoria, wọ́n sì pè é ní Men's Shed. Ní èdè wa, a lè pè é ní Ìsọ̀ Àwọn Ọkùnrin. Ní ọdún 2007, àwọn ìsọ̀ wọ̀nyí ti pọ̀ tó láti ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Áyálándì dá ti wọn sílẹ̀ ní 2011, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tẹ̀lé e ní 2013. Ní Ọsirélíà nìkan, wọ́n ti ju 1,000 ìsọ̀ lọ. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń tún àga àti tábìlì àtijọ́ ṣe, wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe, wọ́n ń mú ẹ̀rọ tó ti dípẹtà padà sípò, wọ́n sì ń mu tíì. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ọkùnrin kì í fẹ́ kojú sí ẹnì kejì kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìgbà tí èjìká rẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹlòmíràn lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìjókòó onídìrí náà nìyí?

Ó tún ku ohun tó dùn mí jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan wà tí ń jẹ́ Tools for Self Reliance. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ti ń gba irinṣẹ́ àlòkù jọ fún àjọ yìí, ayùn, òòlù, ẹ̀rọ ìránṣọ, tí wọ́n ń fọ̀ wọ́n, tí wọ́n ń pọ́n wọn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa: irinṣẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ìrẹ́pọ̀ tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ń pọ́n irinṣẹ́ náà wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀. Àwa tí a ní àáró àti ọ̀wẹ̀ kí ayùn wọn tó dé, kí ni a ń dúró dè?

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ àtúnṣe. Ṣé ìjókòó lásán kò tó? Kò tó. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá mú, ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un ni pé kò sí ohun tó lè yí padà mọ́. Ẹ lè fi ẹnu bá a jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó da kẹrosíìnì sí nọ́ọ̀tì tó ti gan lálẹ́ òní, kí ó sì rí i tí nọ́ọ̀tì náà yí lówùúrọ̀ ọ̀la. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó bá a jiyàn, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì borí. Èkejì ni pé iṣẹ́ àtúnṣe máa ń jẹ́ kí wọ́n nílò ẹni. Ẹnì kan mọ wáyà, ẹnì kan mọ igi, ẹnì kan mọ ọ̀dà. Bí onímọ̀ wáyà kò bá wá, iṣẹ́ dúró, wọn yóò sì wá a lọ sí ilé. Ẹ̀kẹta ni pé ohun tí a ń tún ṣe jẹ́ ohun àtijọ́. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìntì, tó ń rò pé òun ti di aláìwúlò, ń rí i lójú ara rẹ̀ pé ohun tó ti dípẹtà kì í ṣe ààtàn ni ibùgbé rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Mo rí èyí ní ilé bàbá mi. Ìyá mi kú ní ọdún 2010, bàbá mi sì dákẹ́. Kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn. Yóò jẹun, yóò dáhùn ìkíni, yóò tún dákẹ́. Ọkọ̀ Volkswagen kan wà lábẹ́ igi máńgòrò wa, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí bìrìkìtì. Irú ọkọ̀ yìí wà lára àwọn tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Èkó láti ọdún 1975, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣe èyí tó gbẹ̀yìn lágbàáyé, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ti bàbá mi kò ti rìn fún ọdún mọ́kàndínlógún. Adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan jẹ́ mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìntì, èkejì jẹ́ télọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún Ìjàpá ṣe. Bàbá mi ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Wọn kò fi í sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, atẹ́gùn ni ó sì ń tu ú lára, kò ní rádíétọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́, orí wọn ń kan ara wọn. Télọ̀ ni ó rán aṣọ ìjókòó tuntun. Bàbá mi ni ó ń fi sáńdípépà ha ìdípẹtà kúrò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé omi lọ fún wọn. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, mo gbọ́ ohùn bàbá mi. Ó ń sọ nípa ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó kú ní ọmọ ọdún mẹ́rin, kí wọ́n tó bí mi. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ ọ kí ó dárúkọ ọmọ náà rí. Ó ní òun ni ó yẹ kí òun gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun dúró di àárọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kí ó gbà á fún Ọlọ́run. Mẹkáníìkì nawọ́ sẹ́yìn láìgbé orí sókè, ó ní, 'Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi mú sípánà mẹ́tàlá yẹn.' Bàbá mi mú un fún un. Lẹ́yìn náà ni ó wá ní, 'Mo rántí ọjọ́ náà. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀.' Wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Mo gbé omi mi sílẹ̀, mo padà sẹ́yìn. Oṣù mẹ́rìnlá ni iṣẹ́ náà gbà kí Ìjàpá tó rìn. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ọjọ́ tí mo gbọ́ ohùn yẹn ni nǹkan rìn ní ilé wa.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn ilé mi nìkan ni mo dúró lé lórí. Ọmọ Yorùbá kan ti fi han gbogbo ayé pé ìbágbé àti iṣẹ́ lè jẹ́ apá kan ìwòsàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ni mo ń sọ. Ní ọdún 1954, ní Aro, dípò kí ó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n sí àárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí tó ń tọ́jú wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú dókítà, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, títí kan iṣẹ́ oko. Lambo dé ipò igbákejì olùdarí àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé kí ó tó di olóògbé ní ọdún 2004. Òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ kan dé ilẹ̀ òkèèrè. Ní ilẹ̀ wa, a sọ orúkọ Aro di èébú tí a fi ń bú ènìyàn ní ìgboro!

Mo ti ń gbọ́ àwọn tó ń ráhùn. Ẹni àkọ́kọ́ ní, 'Eré olówó nìyẹn. Ebi ń pa wá.' Mo gbà pé ebi ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n èló ni wọ́n ń tà awọ tí a ó fi pààrọ̀ ojú gángan tó ti ya? Èló ni rédíò bàbá àgbà tó wà lórí àjà? Ẹni tó ń rí wákàtí mẹ́ta fún tẹ́tẹ́ lè rí méjì fún èyí. Ẹnì kejì ní àwọn mẹkáníìkì kún ìgboro, wọ́n sì ń tún nǹkan ṣe lójoojúmọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn. Oníbàárà tó ń retí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní dúró gbọ́ ohun tó ń dun ẹni. Ẹnì kẹta ní àdúrà nìkan tó. N kò bá àdúrà jà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì wo, mọ́ṣáláṣí wo ni kò ní àga tó ti ṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé? Ẹ kó àwọn ọkùnrin ìjọ jọ ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tún àwọn àga náà ṣe. Àdúrà kò ní bínú. Ẹnì kẹrin, obìnrin ni, ó ní ọkọ òun yóò fi ìsọ̀ ṣe ibi ìsápamọ́ fún iṣẹ́ ilé. Ẹ̀rù rẹ̀ tọ̀nà. Bí ìsọ̀ bá di ibi tí ọkùnrin ti ń sá fún aya àti ọmọ, kí wọ́n tì í pa.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára iṣẹ́ yìí mọ. Ìsọ̀ kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ọ̀rẹ́ tó mọ sípánà kì í ṣe dókítà. Bí ẹnì kan kò bá lè sùn mọ́, bí ó bá ń pín ohun ìní rẹ̀ káàkiri, bí ó bá ń sọ pé ayé sàn láìsí òun, ẹ má ṣe fi sáńdípépà lé e lọ́wọ́ kí ẹ máa wò ó. Ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ onímọ̀ ìlera ọpọlọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Nàìjíríà buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin ọdún 1958 tí orúkọ rẹ̀ gan-an fi aláìsàn ṣe wèrè. Òfin ti yí orúkọ padà. Ẹnu wa ni kò tíì yí. Iṣẹ́ ìsọ̀ ni pé kí a tètè mọ ẹni tó ń rì, kí omi tó bò ó mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, kí ni kí a ṣe? Ẹ má dúró de ìjọba. Ọkùnrin mẹ́ta tó. Kí ẹ wá ohun àtijọ́ kan tó bàjẹ́: ìlù, kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ, Ìjàpá. Kí ẹ yan ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀. Kí ẹ fi òfin mẹ́ta lélẹ̀: a kò gbọdọ̀ ta ohun náà kí a tó tún un ṣe tán, a kò gbọdọ̀ mu ọtí lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí a kò bá rí lẹ́ẹ̀mejì, a ó lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, tiyín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àgbàlagbà tó ń fa ọṣán dùndún le mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ìlù náà, àti igi tí a fi ń gbẹ́ ẹ. Bí ó bá kú láìsọ ọ́, ẹ̀kọ́ náà bá a lọ. Ẹ lọ jókòó tì í, ẹ fi ọwọ́ kan iṣẹ́, ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní kò sí ohun tí a ó tún ṣe, ẹ mú un lọ sí Èkó. Ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, ilé tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898 fún àwọn ọ̀gá rélùwéè, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwókù kí ẹgbẹ́ Legacy 1995 tó tún un ṣe, tó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Ilé Ilojo Bar tí àwọn Agudà kọ́ ní ọdún 1855, tí ìjọba sì sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, kò rí ẹni gbà á sílẹ̀. Wọ́n wó o ní ọdún 2016. Ilé méjì, ìlú kan náà. Ọ̀kan rí ọwọ́, èkejì kò rí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ọkùnrin wa. Ẹnì kan wà ní àdúgbò yín báyìí tó ti dákẹ́ jù. Ẹ má lọ bi í pé kí ló ń ṣe é, nítorí yóò ní kò sí. Ẹ gbé rédíò yín tó bàjẹ́ lọ bá a, kí ẹ ní kí ó bá yín wò ó.

Ire o.